Ẹrú: Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Títí Ogun Fi Dé

Ìtàn àròsọ àti ewì ni a sábà máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n ní ojú-ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe irú kan náà. Òfin ilẹ̀ kan wà nínú wọn, ìtàn àròsọ kan wà, ìwé ìtàn ìgbésí-ayé tí ẹrú kan fi èdè Lárúbáwá kọ wà, àwọn ìwé ìkéde tí àwọn ìpínlẹ̀ kan kọ nígbà tí wọ́n ń yapa sì wà pẹ̀lú. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni ogun abẹ́lé tí ó jà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1861 sí 1865, ogun tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600,000.

Kí ló dé tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn ọ̀dọ́ wa kan tí ń ka ìtàn ní ilé-ìwé gíga máa ń sọ fún mi pé ogun náà kì í ṣe nítorí ẹrú. Wọ́n á ní ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ó fà á, tàbí owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà òkèèrè. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn. Inú ìwé ni wọ́n ti rí i, àwọn tí ó sì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi làákàyè kàwé ní láti béèrè pé: kí ni àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí a ti ṣẹ́gun wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí òfin ilẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n kọ ní ìlú Philadelphia ní ọdún 1787. Ẹni tí ó bá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti kọ ọ́ ní ọdún náà, kò ní rí ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ẹrú wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní, wọ́n ní kí a ka àwọn tí ó wà ní òmìnira, kí a sì fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn ènìyàn yòókù kún un. Ta ni àwọn ènìyàn yòókù? Wọn kò sọ. Nígbà tí wọ́n dé orí kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ títí di ọdún 1808, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní òwò ẹrú. Wíwọlé àwọn ènìyàn tí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ gbà wọlé ni wọ́n pè é, àfi bí ẹni pé àlejò ni wọ́n ń retí. Nígbà tí wọ́n sì dé orí ẹrú tí ó bá sá, wọ́n ní bí ẹni tí ó jẹ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kí a dá a padà. Ẹ wo bí èdè náà ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá bí onígbèsè tí ó rí olówó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. James Madison, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìpàdé náà, sọ níbẹ̀ pé kò tọ́ kí òfin ilẹ̀ gbà ní gbangba pé ènìyàn lè jẹ́ ohun-ìní ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ sì ní ẹrú. Thomas Jefferson, ẹni tí ó kọ ìwé ìkéde òmìnira wọn ní ọdún 1776, tí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn, ẹrú tí ó ní ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ní 600. Ojú tì wọ́n láti pe ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìtìjú wọn kò dé inú àpò.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn rò pé nǹkan náà yóò kú fúnra rẹ̀. Kò kú. Ní ọdún 1793 Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú, òwú wá di owó ńlá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1860, òwú nìkan ni ó lé ní ìdajì iye owó gbogbo ọjà tí Amẹ́ríkà ń tà sí òkèèrè. Àwọn ẹrú tí kò tó 700,000 ní ọdún 1790 ti ń lọ sí 4,000,000 ní ọdún 1860. Láàrin àkókò yìí, ọgbọ́n kan náà ni àwọn aṣòfin ń dá: bí ìpínlẹ̀ tí ó fẹ́ ẹrú bá wọlé, kí a mú èyí tí kò fẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú. Ní ọdún 1820 wọ́n gba Missouri, wọ́n gba Maine, wọ́n sì fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀, pé ní apá àríwá ìlà yìí, yàtọ̀ sí Missouri, kò gbọdọ̀ sí ẹrú. Àwọn bàbá wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni wọ́n ń pa fún ogójì ọdún. Láti ọdún 1836 títí di 1844, ilé aṣòfin kékeré tilẹ̀ ní ìlànà pé bí ará ìlú bá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ wá lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan láìkà á. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ inú òfin, wọn kò jẹ́ kí ó wọ inú ilé aṣòfin pẹ̀lú.

Àmọ́ ní ọdún 1831, nǹkan mẹ́ta ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a tò mọ́ ara wọn. Ní oṣù kìíní, William Lloyd Garrison bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Liberator ní Boston, ó ń pariwo pé kí a dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Nat Turner, ẹrú tí ó mọ̀wé kà tí ó sì ń wàásù, kó àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde ní Southampton ní ìpínlẹ̀ Virginia. Wọ́n pa òyìnbó tí ó lé ní àádọ́ta, àwọn òyìnbó náà sì gbẹ̀san lára aláwọ̀ dúdú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà, ní North Carolina, bàbá àgbà kan tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún mú kálàmù, ó sì fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ara rẹ̀. Umar ọmọ Said ni orúkọ rẹ̀. Omar ibn Said ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ nídìí ìwé yìí, nítorí àwa tí a kọ́ Lárúbáwá ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀ jù. Fúlàní ni Umar, ọmọ Futa Toro, ní ilẹ̀ Senegal òde òní. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó lò nídìí ìmọ̀ kí ogun tó kó o ní ọdún 1807, tí wọ́n sì tà á dé Charleston ní South Carolina. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn òwò yẹn. Ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá burúkú kan, ó sá, wọ́n mú un ní Fayetteville, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì kọ Lárúbáwá sára ògiri ẹ̀wọ̀n náà. James Owen, ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan di gómìnà ìpínlẹ̀ náà, ni ó wá rà á.

Ìwé náà kúrú. Ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá yóò kà á tán láàrin ìrun Àsùbáà àti ìgbà tí oòrùn bá là. Súrà Al-Mulk ni Umar fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn lè sọ pé àgbàlagbà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ àjèjì kàn kọ súrà tí ó rántí ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì níbẹ̀ pé òun ti gbàgbé púpọ̀ nínú Lárúbáwá òun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú mọ lẹ́tà mẹ́ta tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà ró: mímù, láámù, káàfù. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí mulk, ìjọba àti níní. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí mālik, ẹni tí ó ni nǹkan. Láti ara rẹ̀ náà ni a sì ti rí mamlūk, ẹni tí ẹlòmíràn ni, èyí tí í ṣe ẹrú. Ọkùnrin tí òfin Amẹ́ríkà kà mọ́ ẹrù Owen bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú súrà tí ń sọ ọwọ́ Ẹni tí níní gbogbo wà. Ó sọ ọ́ ní èdè tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè kà, ní ìpínlẹ̀ tí ó ti fi òfin dè é láti ọdún 1830 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé. Bí ìyẹn bá jẹ́ èèṣì, èèṣì tí ó gbọ́n ni.

Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀, n kò ní bò ó. Umar yin Owen púpọ̀, kò sì bú òwò ẹrú ní gbangba. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ìjọ Presbyterian ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, àwọn òǹkọ̀wé sì ń jiyàn títí di òní lórí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. N kò ní bá wọn dá sí i. Ojú ìwé ni lámèyítọ́ ń wò. Ohun tí mo rí lójú ìwé ni ọkùnrin tí ó mọ ẹni tí yóò ka ohun tí ó ń kọ, tí ó sì mọ ẹni tí kò ní lè kà á. Ẹ tún wo ohun tí àwọn tí ó yí i ká ṣe. Wọ́n ti gbà pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìmọ̀, ó sì wà láàrin wọn, ó ń kọ̀wé. Dípò kí wọ́n yí èrò wọn padà, wọ́n yí ìran rẹ̀ padà: wọ́n ní ọmọ ọba Lárúbáwá ni, wọ́n ń pè é ní Prince Moro. Ó kú nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ẹrú ni títí ó fi wọ ilẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington báyìí, ọdún 2017 ni wọ́n rà á.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi ewé bò mọ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pín sí méjì ní ọdún 1844, ìjọ Onítẹ̀bọmi pín ní 1845. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà. Ẹnìkan á fi ojú kan náà wo ìwé kan náà, yóò rí àṣẹ láti ní ẹrú, èkejì yóò rí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1845 yìí kan náà ni Frederick Douglass, ẹni tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní Maryland, tẹ ìtàn ara rẹ̀ jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé Douglass ni pé ó dárúkọ. Ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó dárúkọ oko, ó dárúkọ ẹni tí ó nà án àti ọjọ́ tí òun náà dìde tí ó bá onítọ̀hún wọ̀yá ìjà. Nítorí pé ó dárúkọ, wọ́n lè wá mú un, ó sì ní láti sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ọdún méjì kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi owó ra òmìnira rẹ̀.

Ní ọdún 1850 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí ẹrú tí ó bá sá. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ran irú ẹrú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò san 1,000 dọ́là, yóò sì lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ì báà jẹ́ ní ìpínlẹ̀ tí kò sí ẹrú. Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ náà, bí ó bá dá ènìyàn padà sóko ẹrú, yóò gba 10 dọ́là. Bí ó bá dá a sílẹ̀, yóò gba 5 dọ́là. Wọ́n ní iṣẹ́ ìwé ni ó pọ̀ ju ara wọn lọ. Òfin yìí ni ó bí Harriet Beecher Stowe nínú, ìyàwó àti ọmọ oníwàásù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Uncle Tom's Cabin sínú ìwé ìròyìn kan ní ọdún 1851. Ó di odindi ìwé ní 1852, ẹ̀dà 300,000 ni wọ́n sì tà ní Amẹ́ríkà nìkan láàrin ọdún kan.

Ǹjẹ́ ìwé tí ó dára ni? Apá kan rẹ̀ dára gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó lágbára jù. Shelby, olóko kan ní Kentucky, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn Tom, ó sì fọkàn tán an. Gbèsè ni ó jẹ. Ó wá ta Tom, ó sì ta ọmọdékùnrin kan, Harry, ọmọ Eliza. Stowe kò mú ìkà ènìyàn wá síbẹ̀ kí ó tó fi ìkà hàn wá, ó mú onínúure wá. Ọ̀pọ̀ tí ń gbèjà oko ẹrú ló máa ń ní ọ̀gá rere pọ̀. Ìwé yìí dá wọn lóhùn pé kí ọ̀gá rere jẹ gbèsè lónìí ná, kí a wo ibi tí ẹrú rẹ̀ yóò sùn lọ́la. Eliza gbé ọmọ rẹ̀ mọ́yà, ó fò lórí yìnyín odò Ohio bọ́ sí òdì kejì. Kò sí abiyamọ tí yóò ka ibẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò ní já.

Ṣùgbọ́n bí ìwé náà ṣe ń lọ, ìwàásù gba ipò ìtàn. Eva, ọmọbìnrin òyìnbó kékeré, ti dára jù, bí áńgẹ́lì ni ó ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ọmọdé. Tom náà ń fara dà á, ó ń fara dà á, títí Simon Legree fi ní kí wọ́n lù ú pa ní Louisiana. Lóòótọ́, ó kú nítorí pé ó kọ̀ láti tú àṣírí àwọn obìnrin méjì tí ó sá, àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ bú ènìyàn lónìí máa ń gbàgbé ìyẹn. Àléébù tí ó burú jù wà ní ìparí. George, ọkọ Eliza, tí ó gbọ́n jù nínú ìwé náà, Liberia ni òǹkọ̀wé rán an lọ. Ó sọkún fún ẹrú tán, kò rí àyè fún un nílùú lẹ́yìn tí ó di òmìnira.

Bí ó ti wù kí ó rí, ìwé náà ya ọ̀rọ̀ náà sí gbangba. Ní Gúúsù, àwọn òǹkọ̀wé fèsì pẹ̀lú ìtàn àròsọ tiwọn. Mary Eastman kọ Aunt Phillis's Cabin ní ọdún 1852 kan náà láti fi hàn pé inú ẹrú ń dùn. Stowe kọ ìwé mìíràn ní 1853, ó to ẹ̀rí ilé-ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn sínú rẹ̀. Ní Maryland ní 1857, wọ́n rán oníwàásù aláwọ̀ dúdú kan tí ó jẹ́ òmìnira, Samuel Green, ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá nítorí pé wọ́n bá Uncle Tom's Cabin nínú ilé rẹ̀. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ìtàn tí wọ́n sọ pé Lincoln pàdé Stowe, tí ó ní òun ni ó dá ogun sílẹ̀. Ìtàn yẹn kò jáde títí ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú Lincoln, ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí nínú ìdánwò. Ẹ̀wọ̀n Samuel Green tó ẹ̀rí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yára. Ní 1854 wọ́n pa ìlà ọdún 1820 rẹ́, wọ́n ní kí àwọn ará Kansas dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ẹrú, ìhà méjèèjì sì kó ìbọn lọ síbẹ̀. Ní 1856 Charles Sumner ti Massachusetts sọ̀rọ̀ lòdì sí i nínú ilé aṣòfin àgbà. Preston Brooks ti South Carolina bá a nídìí tábìlì rẹ̀, ó fi ọ̀pá lù ú dákú. Ní 1857 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Dred Scott, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ ìlú, ìjọba àpapọ̀ kò sì lè fòfin de ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tuntun. Ní 1859 John Brown kọlu ilé ohun-ìjà ní Harper's Ferry, wọ́n sì so ó kọ́. Ní oṣù kọkànlá 1860, Abraham Lincoln wọlé ìbò lórí ìlérí pé oko ẹrú kò ní tàn dé ilẹ̀ tuntun mọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù kejìlá, South Carolina yapa.

Ibí ni mo ń bọ̀ láti òwúrọ̀. South Carolina, Mississippi, Georgia àti Texas kọ ìwé láti sọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ. Ìwé náà wà, ó ṣeé kà. Ti Mississippi sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé oko ẹrú ni òun dúró lé, pé kò sí ohun-ìní tí ó tó o láyé. Ti Texas kọ ọ́ pé irọ́ ni ẹ̀kọ́ pé ẹ̀dá funfun àti dúdú dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ráhùn pé ìjọba kò dáàbò bo ẹnu-ààlà òun. Nínú ti South Carolina àti ti Mississippi, ẹ wá owó-orí ọjà òkèèrè títí, ẹ kò ní rí i.

Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ńkọ́? Ẹ ka ti South Carolina dáadáa. Ẹ̀sùn ńlá tí ó fi kan àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ni pé wọ́n ń lo ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ṣe òfin tiwọn tí kò jẹ́ kí ó rọrùn láti mú ẹrú tí ó sá. Ilé-ẹjọ́ New York kò jẹ́ kí olówó ẹrú mú ẹrú rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ tí ń tako ẹrú máa pàdé nílẹ̀ wọn. South Carolina fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tẹ àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí lórí ba. Ṣé ẹni tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ nìyẹn? Nígbà tí àwọn tí ó yapa sì kọ òfin ilẹ̀ tiwọn ní 1861, wọn kò yẹra fún ọ̀rọ̀ náà mọ́ bí ti Philadelphia. Wọ́n kọ "ẹrú" sínú rẹ̀ ketekete, wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò dí níní rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ tí ń kọ́ lámèyítọ́ mọ̀: Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ wọn. Ní 21 oṣù kẹta 1861, ní ìlú Savannah, ó sọ fún àwọn ènìyàn pé àwọn bíi Jefferson ṣìnà tí wọ́n fi rò pé ẹrú burú, pé òkúta ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun tiwọn ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá òyìnbó dọ́gba, ipò ẹrú ni ipò rẹ̀. Yorùbá ní bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Odindi ìjọba ni wọ́n kọ́ sórí òdì òwe yìí. Lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun wọn, Stephens jókòó, ó kọ ìwé apá méjì, ó tẹ̀ wọ́n jáde ní 1868 àti 1870, ó ní ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni ìjà náà. Jefferson Davis, ààrẹ wọn, kọ irú rẹ̀ ní 1881. Irú ìwé báwọ̀nyí ni ó bí ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kà. Ẹnu kan náà ni Stephens fi sọ ti 1861. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà yẹn ó rò pé wọn yóò borí, kò sì rí ìdí láti purọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìhà kejì náà. Lincoln kò lọ sógun láti dá ẹrú sílẹ̀. Nígbà tí ó gorí àga ní oṣù kẹta 1861, ó ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹrú níbi tí ó ti wà, ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí ó ní ẹrú sì dúró tì í: Delaware, Maryland, Kentucky àti Missouri. Ìṣọ̀kan ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń jà fún. Ẹni tí ó bá sọ èyí sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹnìkan fi yapa yàtọ̀ sí ìdí tí èkejì fi lé e bá. Àwọn ẹrú fúnra wọn ni kò jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Bí ọmọ-ogun Àríwá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń sá lọ bá wọn. Lincoln kéde òmìnira àwọn tí ó wà lábẹ́ ọ̀tẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1863, aláwọ̀ dúdú tí ó tó 180,000 sì wọ iṣẹ́ ogun. Ọmọ Borno kan wà láàrin wọn, Nicholas Said, ẹni tí wọ́n bí sí Kukawa, tí ó gbọ́ Lárúbáwá pẹ̀lú àwọn èdè mìíràn, tí wọ́n ti tà gba Tripoli lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì kí ó tó di òmìnira. Ó jagun nínú ẹgbẹ́-ogun Massachusetts karùndínlọ́gọ́ta, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1873.

Ní oṣù kejìlá 1865, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba àtúnṣe ìkẹtàlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ inú òfin náà, lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n dárúkọ oko ẹrú kí wọ́n lè pa á rẹ́, àfi fún ẹni tí ẹjọ́ bá dá lẹ́bi, èyí tí wọ́n lò lọ́nà ibi lẹ́yìn náà.

Ìwé kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá kà. Ní 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí òfin ti ilẹ̀kùn òwò náà, ọkọ̀ ojú omi Clotilda jí ènìyàn bí 110 kó wọ Mobile ní Alabama. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá tí àwọn òpìtàn tọpa rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ogun Dàhọ̀mì ni ó kó o, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ni ó tà á ní Ouidah, kí a má ṣe fojú fo ìyẹn. Àwọn ọmọ-ogun Àríwá ni ó sọ fún un ní oṣù kẹrin 1865 pé ó ti dòmìnira. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá ní kí ọ̀gá àtijọ́ fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀, wọ́n sì fi owó iṣẹ́ wọn ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú Africatown dó. Zora Neale Hurston lọ bá a sọ̀rọ̀ ní 1927 àti 1928, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí ń tẹ̀wé ní kí ó tún Gẹ̀ẹ́sì bàbá náà ṣe kí àwọn tó lè tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ìwé náà, Barracoon, kò jáde títí di 2018, nígbà tí òun àti Kossola ti kú. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò jọ ti ilé-ìwé. Bí ẹ bá ń kà á sókè, ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa.